Kí Ẹ Tó Tún Ra Ìpara Mìíràn: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Lichen Planus àti Mẹ́dọ̀wú

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìkòròdú, àwọn tí ara ń yọ lẹ́nu ni mò ń tọ́jú. Ó máa ń dùn mí tí aláìsàn bá tú báàgì rẹ̀, tí oríṣiríṣi ìpara jáde, tí kò sì sí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan láàárín wọn.

Ẹ̀yin tí dókítà ti sọ fún pé lichen planus ni, ìyẹn àrùn awọ ara tó ń yọ kókó pẹlẹbẹ, ẹ mọ bó ṣe ń yún. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò tíì gbọ́ ni pé lára àwọn kan, kòkòrò mẹ́dọ̀wú C (hepatitis C, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́) ló ń bá a rìn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in, àmọ́ ẹ ò lè fojú wò ó mọ̀.

1. Ẹ má fi kànìnkànìn ha á. Ibi tí èékánná bá gbà kọjá, ibẹ̀ gan-an ni kókó tuntun máa ń tò sí.

2. Ìpara inú tùúbù tí wọ́n da oògùn mẹ́ta pọ̀ sí. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ìyá ẹlẹ́ja kan láti Ẹ̀bútẹ́ wá bá wa, kókó pẹlẹbẹ tó ń dán, tó dúdú bí eérú, kún ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, làpálàpá ni wọ́n ní ó jẹ́ ní kẹ́mísì." Oògùn làpálàpá kì í ran lichen planus. Clobetasol, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó le, tó wà nínú tùúbù náà ló mú kó rọlẹ̀. Tí kókó bá sì lọ tán lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó máa ń fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìyá rò pé àrùn ṣì ni, ó ń kùn ún lọ, ó tún fi ìpara ìbóra kún un. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, awọ apá rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi pé iṣan hàn gbangba. Clobetasol kì í ṣe ọ̀tá o. Dókítà máa ń kọ ọ́, díẹ̀, lójú ibi tó wà nìkan, fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀. Nínú gbogbo kẹ́mísì tó yà sí, kò sẹ́ni tó ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. A yẹ̀ ẹ́ wò: mẹ́dọ̀wú C ni.

3. "Mo ti ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú." Èwo níbẹ̀? HBsAg ni wọ́n sábà máa ń ṣe, B nìkan nìyẹn ń wò. Òótọ́ ni pé B wọ́pọ̀ jù: ìwádìí ìjọba lọ́dún 2018 rí B lára ẹni 8.1 nínú 100, C sì jẹ́ 1.1. Ṣùgbọ́n C ló bá lichen planus tan jù. Àyẹ̀wò rẹ̀ ń jẹ́ anti-HCV. Tó bá sì jáde pé ó wà, ẹ má tíì sunkún, ẹ má sì ra oògùn: ó kàn ń sọ pé ara yín ti bá a pàdé rí ni. Àyẹ̀wò kejì, HCV RNA, ló máa sọ bóyá kòkòrò náà ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé "ojú mi ò pọ́n" ńkọ́? Mẹ́dọ̀wú C lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìpọ́n ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi ògógóró po àgbo mu nítorí ara yíyún. Ẹ̀dọ̀ tó ń bá kòkòrò jà lẹ tún ń di ẹrù lé.

Lichen planus kì í ràn, ẹ má lé ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ̀jẹ̀ ni mẹ́dọ̀wú C ń bá rìn, nítorí náà abẹ́ tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kàn yín.

Ẹ má sì fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́ ẹ ń lò pamọ́ fún dókítà. Àwọn kan nínú wọn lè mú irú kókó yìí jáde. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ kàn sọ ọ́.

Mẹ́dọ̀wú C ní oògùn. Hóró tí wọ́n ń lò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ń wo ju ẹni 95 sàn nínú 100. Awọ ara lè má mọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ti àwọn kan kì í tiẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu ńlá. Tẹ́ ẹ bá dé láàbù, ẹ ní kí wọ́n ṣe HBsAg àti anti-HCV pọ̀, kẹ́ ẹ sì gba èsì méjèèjì ní kíkọ.