Bí mo ṣe tún Gẹ̀ẹ́sì ẹnu mi ṣe

Orí fóònù ni mo wà lọ́jọ́ tí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mi ò ṣeé fi falẹ̀ mọ́. Wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́ kan, wọ́n wá ní kí n sọ díẹ̀ nípa ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Obìnrin ni ọ̀gá náà, wọ́n sì jù mí lọ dáadáa. "They" ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí "wọ́n" ni ẹnu mi máa ń pe àgbà. Nígbà tó yá, mo rántí pé ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo bá ṣẹ́rí sí "he". Ẹni tó ń bi mí léèrè dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè pé ṣé ọ̀gá méjì ni mo ní ni, èwo nínú wọn sì ni mò ń sọ. Mo ṣàlàyé, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ mi lẹ́nu. Mi ò rí iṣẹ́ náà gbà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ ìyàtọ̀ "he" àti "she" láti kékeré. Ẹ fún mi ní bébà àti bírò, màá kọ ọ́ síbi tó yẹ. Ẹnu ni ò tíì mọ ohun tí ọwọ́ mọ̀. Ìwé gírámà mẹ́ta ló wà nílé, mo ti ka méjì tán. Tí n bá tún lọ ra ẹ̀kẹrin, ọwọ́ ló máa gbọ́n sí i, ẹnu á ṣì wà níbi tó wà. Mo bá pa ìwé dé, mo ní ẹnu ni màá kọ́ báyìí.

Mo gbé fóònù, mo gba ohùn ara mi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3, mò ń ròyìn bí mo ṣe lo ọjọ́ tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, mo ń dá a dúró, mo ń tún un gbọ́, mo sì kọ gbogbo ohun tí mo sọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, mi ò tún ẹyọ kan ṣe. Ó gbà mí ju ìṣẹ́jú 40 lọ. Mo fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo ibi tó wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré lẹ máa mú nínú ohun tí mò ń sọ yìí, èyí ni kẹ́ ẹ mú, torí nígbà téèyàn bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, etí rẹ̀ kì í gbọ́ àṣìṣe ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí mo wo bébà yẹn dáadáa ni ojú mi là. Àṣìṣe mi ò kàn wá báyẹn. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni gbólóhùn Yorùbá kan dúró sí. "Yesterday I go there": lánàá mo lọ síbẹ̀. "Two letter": lẹ́tà méjì. "My sister said he is coming": ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní òun ń bọ̀. Yorùbá tó gún régé ni mò ń sọ, mo kàn fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Látìgbà náà ni mi ò ti ka ara mi sí aláìmọ̀kan mọ́. Mo kọ ibi tí èdè méjèèjì ti pínyà sínú nóòtù, mo sì ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì fún ìkọ̀ọ̀kan.

"He" àti "she" ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Ọkùnrin lọ, "ó lọ" ni lọ́dọ̀ wa. Obìnrin lọ, "ó lọ" náà ni. Ajá lọ, kò yí padà. Mo kó fọ́tò àwọn èèyàn mi jáde, mo ń nàka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń sọ gbólóhùn mẹ́ta lé e lórí, kí n lè fọwọ́ kan ìrísí ọ̀rọ̀ náà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "She is tall. Her bag is black. I know her." Níbẹ̀rẹ̀, màá dúró ronú kí n tó lanu. Mo tún bẹ ọ̀rẹ́ mi kan pé nígbàkígbà tá a bá jọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, kó máa kan tábìlì tí n bá ti pe obìnrin ní "he". Mo ní kó má ṣe dá mi dúró fún nǹkan mìíràn, bó ti wù kí n ṣi ọ̀rọ̀ sọ tó. Ẹni tí wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ṣe fún lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ló máa dákẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, tábìlì ti ń sinmi.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọ̀rọ̀-ìṣe. Nínú Yorùbá, "mo lọ" fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. "Ń" àti "máa" la fi ń yí àsìkò rẹ̀ padà, "lọ" ò ní kúrò ní "lọ". Inú ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́jú àsìkò sí. Àmọ́ tí "did" bá ti gbé ẹrù náà, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e ò gbé e mọ́: "I did not go", kì í ṣe "I did not went". Gbogbo alẹ́ ni mo ń sọ gbólóhùn mẹ́wàá sókè nípa ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà.

Ibẹ̀ ni mo ti bá "-ed" pàdé. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́nsónáǹtì parí, torí náà ẹnu mi máa ń wá fáwẹ́lì fi tì í lẹ́yìn. "Washed" di "wọ́ṣẹ̀dì". Ohun tó tán an fún mi ni pé kí n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọ̀fun. Tí ìró tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe náà ò bá mú ọ̀fun gbọ̀n, bíi ti "wash", "t" ni "-ed" máa dún. Tó bá mú un gbọ̀n, bíi ti "play", "d" ni. Àfi tí ọ̀rọ̀ náà bá ti fi "t" tàbí "d" parí tẹ́lẹ̀, bíi "want", nìkan ni "-ed" máa ń di sílébù tirẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ kan náà ló kọ́ mi ní "v" àti "z" tí Yorùbá ò ní. Ẹ fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa fẹ́ "fff", ọ̀fun á dákẹ́. Ẹ má ṣí ẹnu kúrò níbẹ̀, ẹ kàn ti ohùn sí i, ọ̀fun á máa gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ yín: "v" nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "s" ṣe ń di "z", tí "price" fi ń di "prize".

Ibi tí inú mi ti dùn jù ni ti sílébù tó ń gba agbára. Ohùn la fi ń ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, sílébù kan ló máa ń gba agbára mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. "Record" tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, iwájú ló ti wúwo. Èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ̀yìn ni. Etí mi ò gbọ́ ọ títí mo fi ronú kan àwọn ọ̀rọ̀ tá a yá. Ẹ wo tíṣà, sọ́jà, kọ̀ǹpútà. Ohùn òkè ló wà lórí "pú", ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn tó ni èdè ti ń tẹ̀ ẹ́. Àṣé àwọn tó yá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún wa ti gbọ́ ọ kí a tó bí mi! Látìgbà náà, àmì ohùn òkè ni mo ń fi sórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú nóòtù mi: "devélop", "hotél", "cómfortable". Díṣọ́nárì ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlà kékeré kan máa ń dúró lókè ṣáájú sílébù yẹn. Àwọn sílébù tó kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ̀. "A" mẹ́ta ló wà nínú "banana", ti àárín nìkan la máa là ẹnu fún.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn ń ṣini lọ́nà ò pọ̀, ọjọ́ díẹ̀ ló gbà mí. "Gbọ́" wa gbòòrò ju "hear" lọ: mo gbọ́ òórùn, "I smell" ni, mo gbọ́ èdè, "I understand" ni. Tá a bá fẹ́ jáde ká sì padà, a máa ń ní "mò ń bọ̀", àmọ́ ẹni tó gbọ́ "I'm coming" á rò pé ọ̀dọ̀ òun là ń bọ̀ ni. "I'll be right back" ni kẹ́ ẹ sọ. Ìbéèrè bíi "Didn't you see it?" ló le díẹ̀. Tá ò bá rí i, "bẹ́ẹ̀ ni, mi ò rí i" la máa sọ nílé, "No, I didn't" sì ni Gẹ̀ẹ́sì fẹ́.

Fún etí, ètò tí ilé iṣẹ́ rédíò Voice of America bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1959 lábẹ́ orúkọ Special English ni mo lò. Nǹkan bí 1,500 ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, gbólóhùn rẹ̀ kúrú, wọ́n sì rọra kà á. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láìsọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà màá dá a dúró níparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí n tún un sọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, màá máa sọ ọ́ tẹ̀ lé olùkà náà lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí, mi ò ní dá a dúró. Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ ni, àárọ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

Lẹ́yìn oṣù méje, mo tún gba ohùn mi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3. Ìlà pupa ṣì wà níbẹ̀. "He" fi ara hàn lẹ́ẹ̀kan, níbi tí mo ti ń sọ nípa ohun kan tó bí mi nínú tí mò ń sáré sọ̀rọ̀. Ibi tí ìlà pọ̀ sí jù ni "th", torí náà òun ló kàn lọ́sẹ̀ yìí. Mo ń dúró níwájú dígí, ṣóńṣó ahọ́n láàárín eyín, mo ń fẹ́ atẹ́gùn jáde: "think", "three", "thirty". Tí ahọ́n bá ti sá padà sẹ́yìn eyín, "three" ti di "tree" nìyẹn, ojú mi sì máa ń rí i nínú dígí kí etí mi tó gbọ́ ọ.