Bí Ìjọ Kékeré Lábúlé Ṣe Lè Wúlò Fún Gbogbo Abúlé

Bí ìjọ yín ò bá ju ogójì èèyàn lọ, tí pásítọ̀ fúnra ẹ̀ ń dáko kó tó rówó ọṣẹ, ẹ má rò pé ẹ kéré jù láti ṣe nǹkan fún abúlé yín o. Ìjọ abúlé lèmi náà ń lọ, àárín oko kòkó la wà, ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń pín ìrẹsì nígbà Kérésì, tá a bá ti pín in tán ó di Kérésì míì, àwọn tí kì í wá ṣọ́ọ̀ṣì ò sì mọ ohun tá a wà fún. Ohun tá a ti kọ́ látìgbà náà ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè. Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ yan èèyàn mẹ́ta, àgbà ọkùnrin kan, ìyá ìjọ kan, ọ̀dọ́ kan, kí wọ́n lọ kí Baálẹ̀ nílé ẹ̀, ẹ má fi fóònù ṣe é. Kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n ní "Bàbá, kí ló ń ni abúlé wa lára jù?" kí wọ́n wá dákẹ́ kí Bàbá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Baálẹ̀ ó kan Lémọ́mù, ìyálọ́jà, ìyá agbẹ̀bí, tíṣà ilé ìwé, àtàwọn ọlọ́kadà tó mọ gbogbo ọ̀nà oko. Ẹ kọ ohun tí kálukú bá sọ sínú ìwé, tí ọ̀rọ̀ kan bá ti jáde lẹ́nu èèyàn mẹ́ta tí ò jọ jókòó pọ̀, òun ni kẹ́ ẹ mú. Èmi ti rò pé ilé ìwé ni wọ́n máa sọ, àṣé orí omi ni gbogbo àwọn ìyá máa dúró sí.

A dáwó, a gbẹ́ kànga, a gbé pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ sí i. Ibi tá a ti ṣìṣe ni pé inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì la gbẹ́ ẹ sí, tá a bá sì ti jáde ìsìn a máa ń ti géètì. Kò sẹ́ni tó lé ẹnikẹ́ni o, àmọ́ àwọn ìyá tó jẹ́ Mùsùlùmí á ru garawa wọn kọjá níwájú wa, wọ́n á gba odò lọ, ojú ń tì wọ́n láti wọlé. Ó dùn mí gan-an nígbà tí ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ fún mi. A wó ògiri tó dojú kọ títì, látọjọ́ náà ló ti di kànga gbogbo abúlé. Nítorí náà, ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè dé láìtọrọ àyè ni kẹ́ ẹ gbẹ́ tiyín sí, kó sì jìnnà sí ṣalángá, ó kéré tán mítà 30. Ẹ gba owó díẹ̀ lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan torí rọ́bà inú pọ́ǹpù máa jẹ lọ́jọ́ kan, kí èèyàn méjì máa tọ́jú owó náà, kí ọ̀kan nínú wọn má sì jẹ́ ọmọ ìjọ yín.

Èyí tó wá gbà mí lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ ìlera. Kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Láàárín ọdún 1956 sí 1961, dókítà kan tó ń jẹ́ David Morley wà ní Wesley Guild Hospital n'Iléṣà, ilé ìwòsàn tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, kò kàn jókòó síbẹ̀ kó máa retí àwọn tó ń ṣàìsàn, Ìmèsí-Ilé ló ti ṣètò ìtọ́jú fáwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5, wọ́n ń wọn ọmọ déédéé, wọ́n ń kọ ìwọ̀n ẹ̀ sórí káàdì, ìyá ọmọ ló sì ń mú káàdì náà lọ sílé. Irú káàdì yẹn ló wá tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀: òṣùwọ̀n, káàdì, àti kéèyàn má yẹ ọjọ́ tó dá.

Tiyín lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń so mọ́ apá, ẹ tẹ́ bẹ́ǹṣì síta. Ẹni tó bá dé kó kọ́kọ́ sinmi fún ìṣẹ́jú 5, kó fi ẹ̀yìn ti àga, kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kó gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba, kó má sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì tàbí mu kọfí kó dúró fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí nọ́ńbà òkè bá tó 140 tàbí tí tìsàlẹ̀ bá tó 90, ẹ sọ fún un kó sinmi, ẹ tún un wò, tí ò bá wálẹ̀ kó lọ rí dókítà, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò tó láti sọ pé èèyàn ní in. Tó bá kọjá 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ wá ọ̀kadà fún un, pàápàá tí àyà bá ń dùn ún tàbí tójú ẹ̀ ń ṣú. Ẹ má pariwo nọ́ńbà ẹnì kankan síta o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi oògùn ẹ̀ sílẹ̀ torí a ti gbàdúrà. Ẹ gbàdúrà, kó sì lo oògùn.

Ẹ lẹ bébà kan mọ́ ògiri níbẹ̀ fáwọn tó lọ́mọ kékeré: bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ORS, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ìgbẹ́ gbuuru, ò sí nítòsí, omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí ò gogo, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, ẹ rò ó pọ̀, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa gbé e bọ̀ ní hóspítù.

Ẹ má wàásù fáwọn tó wà lórí ìlà. Lọ́dọ̀ tiwa, Lémọ́mù ló ń ṣàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ loṣù kan, pásítọ̀ wa loṣù kejì. Àwọn kan nínú ìjọ bínú sí i nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, ṣùgbọ́n nínú agboolé kan náà ni Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ wà níbí, ọmọ ìyá kan náà ni.

Àwọn tó kù ò le. Ẹ máa yá èèyàn ní bẹ́ǹṣì fún ìsìnkú àti ìkómọ láìgbowó, ẹ sì yí ẹnu gbohùngbohùn yín kúrò lápá ilé àwọn èèyàn tẹ́ ẹ bá ń ṣe àìsùn. Ní ti owó, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ìkórè sọ́tọ̀ fún abúlé, kẹ́ ẹ lẹ ìṣirò ẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà kí gbogbo ayé rí i.

Tó bá di oṣù kẹta, kí àwọn mẹ́ta yẹn padà sọ́dọ̀ Baálẹ̀, kí wọ́n ka ohun tẹ́ ẹ ṣe fún un, kí wọ́n tún bi í ní ìbéèrè kan náà. Baálẹ̀ tiwa sọ pé afárá igi tó lọ sí oko ọsàn ti ń jẹrà, ọmọ ilé ìwé kan ti já sínú omi níbẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ wò ó, àwa àti Lémọ́mù.