Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ẹ̀rọ Ìjórin MIG Tí Kì Í Lo Gáàsì fún Iṣẹ́ Ilé

Atẹ́gùn ọ̀sà ni ìdí tó kọ́kọ́ yẹ kó mú ará Ìkòròdú ronú kan ẹ̀rọ MIG aláìlógáàsì, ìyẹn ẹ̀rọ ìjórin tó ń fa wáyà jáde fúnra rẹ̀ gba ẹnu ìbọn ìjórin. Ní Èbúté tàbí Báyékù, bí ẹ bá gbé MIG onígáàsì síta láti jó géètì, atẹ́gùn á gbá gáàsì náà dànù kó tó bo irin, ojú ìjó á wá ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Wáyà aláìlógáàsì ní ihò nínú, wọ́n sì rọ ìyẹ̀fun kún un. Bí ìyẹ̀fun náà bá ṣe ń jó ló ń tú èéfín tó ń dáàbò bo irin tó yọ́, tí ìdàrọ́ á sì bò ó lójú títí yóò fi tutù. Kò sí sílíńdà tí ẹ ó máa gbé kiri.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo páálí tí wọ́n kọ "gasless" sí ló dára. Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń fi wáyà sí. Ẹ wá ojú iná méjì, + àti −, níbẹ̀ tàbí níwájú ẹ̀rọ. Wáyà oníyẹ̀fun fẹ́ kí ìbọn wà lórí −, kí kílámpù tó ń di irin mú wà lórí +. Òdì kejì rẹ̀ ni ti wáyà onígáàsì. Ẹ̀rọ tí ẹ lè pààrọ̀ méjèèjì lára rẹ̀ ló sàn jù, nítorí á ṣeé lò fún gáàsì lọ́jọ́ iwájú. Bí ó bá ń ta pàrà-pàrà, tí òkúta irin kéékèèké ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ara páìpù, ibi ojú iná yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí àwọn ẹ̀rọ kan jáde látinú páálí pẹ̀lú ètò ti gáàsì. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ AC (iná tó ń yí síwá sẹ́yìn) ni wọ́n ń gbé jáde, dípò DC (iná tó ń lọ sọ́nà kan ṣoṣo). Wọ́n ń jó irin lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kì í mọ́. Lára àwo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, àmì ~ níbi iná ìjáde ni AC. Ìlà gbọọrọ kan tó wà lórí ìlà tó gé wẹ́wẹ́ ni DC. DC ni kí ẹ rà.

Àwo ẹ̀yìn yẹn náà ló ń tú àṣírí agbára ẹ̀rọ. "MIG 250" tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú, orúkọ lásán ni. Ẹ wo ìlà X (ìdá àkókò tí ẹ̀rọ lè fi jó irin kó tó sinmi) àti I2 (iye iná tó ń gbé jáde, ní ámpíà, A). Bí X bá jẹ́ 60%, tí I2 sì jẹ́ 120A, ó túmọ̀ sí pé nínú ìṣẹ́jú 10, ẹ lè fi 120A jó irin fún ìṣẹ́jú 6, kí ẹ jẹ́ kó sinmi fún 4. Fún páìpù onígun mẹ́rin tí ara rẹ̀ nípọn tó 1.5 sí 2mm, irin ojú fèrèsé, àti áńgù 3mm, 120A sí 140A tó jẹ́ òótọ́ ti tó.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù. Ilé iṣẹ́ mànàmáná Egbin, tí wọ́n kọ́ fún 1,320MW, ìtòsí wa níbí ló wà, síbẹ̀ ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn Sábó mọ bí iná ṣe ń rẹlẹ̀ lálẹ́. Ẹ fi mítà wọn fóòtì ilé yín ní àsìkò tí ẹ máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 230V ±15% sí lára kò ní fẹ́ kó wá sísàlẹ̀ 195V. Bó bá di 170V, wáyà á kàn máa gún irin ni, kò ní yọ́ dáadáa. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ pé ó gba iná tó rẹlẹ̀ tó 160V.

Ti jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? 120A ní 20V jẹ́ 2,400W lẹ́nu wáyà nìkan. Ẹ fi èyí tó ń ṣòfò nínú ẹ̀rọ kún un, ẹ ó rí i pé "I better pass my neighbour" kò lè gbé e rárá. 5kVA ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì 13A á yọ́ bí ẹ bá ń jó irin pẹ́. Ẹ fa wáyà iná 4mm² tààrà láti ibi bíréékà. Bí ẹ bá ń lo ẹstẹ́ńṣọ̀n, kó má kéré sí 2.5mm², kí ẹ sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nítorí èyí tó bá ká jọ máa ń gbóná.

Ẹ wo róólà tó ń fa wáyà. Ti wáyà oníyẹ̀fun ní eyín wẹ́wẹ́. Èyí tó dán jẹ́ ti wáyà líle. Bí ẹ bá fún róólà tó dán mọ́lẹ̀ jù kó lè di wáyà mú, wáyà á tẹ̀, á sì lọ́ pọ̀ sínú ẹ̀rọ bí òwú tó ta kókó.

Wáyà 0.8mm ló bá iṣẹ́ ilé mu. Nínú àmì tí wọ́n ń kọ sára róòlù wáyà, E71T-GS wà fún ìlà ìjó kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fẹ́ gun ìlà kan lé òmíràn, E71T-11 ni kí ẹ béèrè. Ẹ ra róòlù 1kg bí ẹ kì í bá ń jó irin lójoojúmọ́. Ọ̀rinrin ìlú wa kì í jẹ́ kí wáyà tó ti ṣí pẹ́ kó tó dípẹtà, wáyà tó dípẹtà á sì tún gbé ihò yẹn padà wá. Ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ dì í sínú ọ̀rá tó dé pa.

Ẹ gbé àjákù páìpù 2mm tiyín lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí wáyà yọ jáde bíi 15mm, kí ẹ fa ìbọn sọ́dọ̀ ara yín, ẹ má tì í síwájú. Ìró tó dára máa ń dún bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Ẹ gbá ìdàrọ́ kúrò kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Bí wáyà bá ń jó padà sẹ́nu ìbọn, ẹ fi kún ìyára rẹ̀, bí páìpù bá lu, ẹ dín fóòtì kù, kí ẹ máa jó o ní kókó-kókó. Páìpù tí wọ́n fi síńkì bò, ẹ kọ́kọ́ ha síńkì náà kúrò, kí ẹ má sì jó o nínú yàrá, nítorí èéfín rẹ̀ máa ń fa ibà.

Ẹni tó jẹ́ pé irin 5mm sókè nìkan ló ń jó kò nílò gbogbo èyí. Ẹ̀rọ arc kékeré àti ẹlẹ́tíródù (ọ̀pá ìjórin) gauge 10 máa ná an lówó tó kéré sí i. Ẹni tó ń ṣe méjèèjì, kó wo iwájú MIG náà bóyá wọ́n kọ MMA (ìyẹn pé ó lè fi ẹlẹ́tíródù jó irin) sí i, kó sì rí i pé ìdìmú ẹlẹ́tíródù wà nínú páálí.