Bí Mo Ṣe Dán Ẹ̀yìn Olóbe Wò fún Ààbò Ẹ̀dọ̀

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nínú iṣẹ́ tí mo ṣe ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ni bóyá ẹ̀yìn olóbe, tí àwọn elewé ọmọ ń tà fún àgbo ibà pọ́njú, lè dáàbò bo ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ májèlé. Ewé náà kò ṣòro láti dá mọ̀, nítorí abẹ́ ewé ni èso rẹ̀ wẹ́wẹ́ tò sí. Àmọ́ àwọn ẹbí rẹ̀ kan jọ ọ́ débi pé wọ́n lè tan ọlọ́jà pàápàá jẹ. Nítorí náà, mo rà á tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo sì gbé e lọ sí ibi tí fáfitì ń tọ́jú àwọn ewéko gbígbẹ sí, níbi tí wọ́n ti jẹ́rìí sí i pé Phyllanthus amarus ni. Ẹni tó bá fo ibí yìí dá kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà nípa ewé tó dán wò.

Màmá tó tà á fún mi sọ pé omi ni àwọn fi ń sè é, bí kò bá jẹ́ omidùn. Omi ni èmi náà lò, nítorí ohun tí ọtí ń fà jáde lára ewé lè yàtọ̀ sí ohun tí aláìsàn ń mu. Mo sá a sí ibòòji, mo lọ̀ ọ́, mo sè é, mo sẹ́ ẹ, mo sì gbẹ omi rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlò ẹranko fún ìwádìí ti fọwọ́ sí i, mo pín àwọn eku funfun sí ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan mu omi nìkan, òmíràn gba májèlé nìkan, àwọn kan mu ewé ní ìwọ̀n oríṣiríṣi kí wọ́n tó gba májèlé, àwọn kan sì mu silymarin, oògùn ẹ̀dọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, kí á lè fi ewé wa wé e. Ọ̀wọ́ kan tún mu ewé láìgba májèlé rárá. Èyí ni àwọn kan máa ń fò, bẹ́ẹ̀ sì ni ewé tó ń pa ẹ̀dọ̀ lára kò ṣọ̀wọ́n.

Májèlé tí mo lò ni carbon tetrachloride tí mo pò mọ́ òróró ólífì. Ẹ́ńsáìmù kan (èròjà tí ń yí nǹkan padà nínú ara) tó wà nínú ẹ̀dọ̀, CYP2E1, ni yóò sọ ọ́ di èròjà oníjàgídíjàgan tí ń ba awọ sẹ́ẹ̀lì jẹ́; bí awọ náà bá ti ya, ALT àti AST, àwọn ẹ́ńsáìmù tó máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, yóò jò sínú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni a sì ti ń wọ̀n wọ́n. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo fa ẹ̀jẹ̀ náà, nítorí AST wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa pẹ̀lú, bí wọ́n bá sì fọ́, yóò dà bíi pé ẹ̀dọ̀ ló bàjẹ́. ALT ni mo gbára lé jù.

ALT àwọn tó ti mu ewé rẹlẹ̀ ju ti àwọn tó gba májèlé nìkan lọ, ṣùgbọ́n èmi kì í fi nọ́ńbà nìkan ṣe ìdájọ́. Mo ki ẹ̀dọ̀ wọn bọ inú formalin, oògùn tí kì í jẹ́ kó jẹrà, mo gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo pa á láró, mo sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Lára àwọn tó gba májèlé nìkan, àyíká iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà láàárín ló bàjẹ́ jù, ihò funfun tí ọ̀rá fi sílẹ̀ sì kún inú sẹ́ẹ̀lì. Lára àwọn tó mu ewé, ihò náà wà, àmọ́ wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ewé tó kàn dí CYP2E1 lọ́wọ́ yóò mú irú èsì yìí wá láìwo ẹ̀dọ̀ kankan sàn. Ìdí nìyí tí mo fi ṣe ọ̀wọ́ mìíràn, tí májèlé ṣáájú ewé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti àwọn tí kò mu nǹkan kan lẹ́yìn májèlé kò tó nǹkan, nítorí ẹ̀dọ̀ máa ń tún ara rẹ̀ ṣe bí májèlé ẹ̀ẹ̀kan bá ti kọjá. Ohun tí mo kọ sínú ìjábọ̀ mi ni pé ewé náà dín ìpalára kù nígbà tó ṣáájú májèlé. Mi ò kọ ọ́ pé ó ń wo ibà pọ́njú.