Bí ẹ ṣe lè fi Google Sheets ka ọjọ́ tí ìjọba fi dákẹ́ sí ìbéèrè aráàlú

Ìjọba á pe ìpàdé, wọ́n á ní kí aráàlú wá sọ tẹnu wọn, èèyàn á sọ, akọ̀wé á kọ, ó parí, kò sẹ́ni tó tún máa gbọ́ ibi tọ́rọ̀ já sí. Ohun tá a fẹ́ ṣe níbí ni ojú ìwé kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó máa fi han gbogbo ayé ohun táwọn èèyàn bèèrè, ọjọ́ tí lẹ́tà dé ọ́fíìsì àti iye ọjọ́ tí wọ́n ti fi dákẹ́. Kò gba kọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́ kan sì ti tó fún un.

FOI Act, ìyẹn òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba, tí Ààrẹ Jonathan buwọ́ lù lọ́dún 2011, la máa gbára lé. Ẹnikẹ́ni ló lè bèèrè ìwé ìjọba, ẹ ò sì ní láti sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn, wọ́n lè fi 7 míì kún un tí ìwé ọ̀hún bá pọ̀ gan-an. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, pé kò kan àwọn, àmọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti là á mọ́lẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kàn wọ́n.

Ẹ ṣe Google Forms. Ẹ má bèèrè púpọ̀: àdúgbò, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀, ọ́fíìsì tó kàn, nọ́ńbà fóònù fẹ́ni tó bá wù. Ibi ọ́fíìsì yẹn, ẹ to orúkọ wọn síbẹ̀ kí wọ́n kàn mú ọ̀kan, torí tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, ẹnì kan á kọ "Min of Works", òmíì á kọ "àwọn oníròòdù", kíkà á wá dogun. Àwọn màmá wa ò ní fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan o, voice note ni wọ́n máa jù sí yín lórí WhatsApp, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan máa bá wọn kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ so fọ́ọ̀mù yẹn mọ́ Google Sheets, gbogbo ìdáhùn á máa dà sí táàbù "Form Responses 1" níbẹ̀. Ẹ má kọ fọ́múlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí ìdáhùn tuntun máa ń bọ́ sórí láìnì tí fọ́múlà yín ò dé. Ẹ ṣí táàbù míì, ẹ pè é ní Lẹ́tà. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn á máa bèèrè ohun kan náà, iye tí wọ́n ná sórí ọ̀nà tàbí ilé ìwòsàn, ẹ kó wọn pọ̀ di lẹ́tà kan. Kọ́lọ́ọ̀mù A ni ìbéèrè, B ọ́fíìsì, C iye èèyàn tó bèèrè ẹ̀, D ọjọ́ tí wọ́n gba lẹ́tà, E ọjọ́ tí èsì dé, F iye ọjọ́.

Ẹ ṣọ́ra nídìí D. Ìgbà tí lẹ́tà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ lòfin ti ń kà á, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ kọ ọ́, torí náà ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu sítáǹpù àti déètì sí tọwọ́ yín, ẹ snap ẹ̀, torí ẹni tó jókòó sí registry lè sọ lọ́la pé òun ò rí lẹ́tà kankan. Ní F2, ẹ tẹ:

=IF(D2="","",IF(E2="",TODAY(),E2)-D2)

Ẹ fà á wálẹ̀. Tó bá gbé déètì jáde, ẹ lọ sí Format, ẹ sọ ọ́ di Number. Ẹ wá fi conditional formatting sí i, kó di pupa tó bá ti kọjá 7. Pupa yẹn kì í ṣe oge o, tí ọjọ́ bá ti pé tí wọn ò sọ nǹkan kan, òfin kà á sí pé wọ́n ti kọ̀, ọjọ́ 30 lẹ ní láti fi lọ sí kóòtù, ọ́fíìsì tó bá sì jẹ̀bi lè san ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 náírà.

Ó ku ká gbé e síta: File, Share, Publish to web. "Entire Document" lẹ máa bá níbẹ̀, ẹ má gbà á, tẹ́ ẹ bá gbà á báyẹn nọ́ńbà fóònù gbogbo èèyàn ti dé ọjà nìyẹn. Táàbù Lẹ́tà nìkan ni kẹ́ ẹ mú. Ẹni tó gbọ́ kódù díẹ̀ lè mú CSV, kó fi JavaScript fà á sójú ìwé HTML kan, kó gbé e sórí GitHub Pages lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn tún rẹwà, àmọ́ kò pọn dandan.

Ẹ kọ líǹkì yẹn sísàlẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó lọ fi sílẹ̀, káwọn náà lè máa wo ọjọ́ wọn bó ṣe ń gorí ara.