Bí mo ṣe so àbájáde nọ́ńbà pọ̀ mọ́ ti ọ̀rọ̀ ẹnu nínú ìwádìí lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru

Ìbéèrè tí mo mú dání nìyí: kí ló ń fà á tí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fi í lo oògùn wọn déédéé, ṣé àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń rán wọn létí sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́? Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀, ìwádìí tí àwọn ẹlòmíràn ti tẹ̀ jáde ni mo sì kó jọ láti dáhùn wọn. Ẹnu àwọn aláìsàn la ti lè gbọ́ ti àkọ́kọ́, nọ́ńbà ló lè dáhùn èkejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ títí ó fi parí, kí n tó so wọ́n pọ̀.

Kí n tó fa àbájáde kankan yọ, mo wá àwọn àpilẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ìwádìí alápapọ̀ kan, ìyẹn èyí tó lo nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ ẹnu pa pọ̀, lè di àpilẹ̀kọ méjì tàbí mẹ́ta, nọ́ńbà nínú ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ẹnu nínú òmíràn. Bí èèyàn ò bá fura, á ka àwọn olùkópa kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ìwádìí, ibi tí wọ́n ti ṣe é àti ìgbà tí wọ́n ṣe é ni mo fi dá wọn mọ̀.

MMAT ti 2018, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wo bí ìwádìí ṣe dára tó, ni mo fi yẹ ìwádìí kọ̀ọ̀kan wò. Ọ̀wọ́ márùn-ún ló ní, ìbéèrè márùn-ún fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí alápapọ̀ máa ń gba ìbéèrè 15: márùn-ún fún apá ọ̀rọ̀, márùn-ún fún apá nọ́ńbà, márùn-ún fún bí wọ́n ṣe so méjèèjì pọ̀. Àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà ò fẹ́ ká ro ìdáhùn pọ̀ di máàkì kan, mo sì gbà pẹ̀lú wọn: 11 nínú 15 ò sọ ibi tí ìṣòro wà.

Níbi nọ́ńbà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n fi wọn lílo oògùn. Nínú ìwọ̀n Morisky oníbéèrè mẹ́rin tó jáde ní 1986, bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ni aláìsàn ṣe ń pa oògùn jẹ tó. Èyí tó ní ìbéèrè mẹ́jọ yàtọ̀: 8 ló dára jù níbẹ̀. Ẹni tó bá kó méjèèjì pọ̀ láìyí ọ̀kan padà á rò pé wọ́n ń ta ko ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Bákan náà, ẹ má da kíka hóró oògùn tó ṣẹ́kù pọ̀ mọ́ bíbi aláìsàn léèrè, torí àwọn èèyàn sábà máa ń ròyìn ara wọn ju bó ṣe rí lọ. Ẹ má sì ka iye ìwádìí tó yege àti iye tó kùnà láti fi dájọ́. Ìwádìí kékeré lè kùnà torí pé olùkópa rẹ̀ ò tó.

Níbi ọ̀rọ̀ ẹnu, ìgbésẹ̀ mẹ́ta tí Thomas àti Harden ṣàlàyé ní 2008 ni mo tẹ̀ lé: mo fún ìlà kọ̀ọ̀kan lámì, mo kó àwọn àmì tó jọra sábẹ́ àkòrí, mo wá béèrè ohun tí àwọn àkòrí yẹn jọ ń sọ sí ìbéèrè mi. Àmì tó dára máa ń ní ìṣe nínú. “Ìṣòro oògùn” ò wúlò. “Ó ń fo oògùn tó ń mú kó tọ̀ léraléra lọ́jọ́ ìrìn àjò” wúlò, torí ó sọ irú oògùn, ìdí, àti ìgbà. Mo tún ya ohun tí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ìtumọ̀ tí olùwádìí fún un, mo sì kọ nọ́ńbà ojú ìwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àtẹ ìsopọ̀ ló gba àkókò jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí aláìsàn sọ wà lápá òsì, ọ̀kan ní ìlà kan: ìgbàgbé, “ara mi yá, kí ni mo ń lo oògùn fún?”, ìyọnu tí oògùn ń fà sára, owó. Lápá ọ̀tún ni ìdánwò tó fọwọ́ kan ìdí yẹn wà, pẹ̀lú àbájáde rẹ̀. Ìlà ìgbàgbé kún dáadáa, ibẹ̀ ni àwọn ìdánwò àtẹ̀jíṣẹ́ bọ́ sí. Ìlà ìyọnu oògùn ṣófo. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dá oògùn dúró ò gbàgbé, ìránnilétí ò sì lè yí ìpinnu rẹ̀ padà. Àyè òfo yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ àbájáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ wo ìwé ètò ìdánwò kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni àkékúrú àpilẹ̀kọ kì í sọ gbogbo ohun tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́.

Mo kọ ọ̀kan nínú mẹ́rin sí ìlà kọ̀ọ̀kan: wọ́n fohùn ṣọ̀kan, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lápá kan, ọ̀kan dákẹ́, tàbí wọ́n takora. Níbi tí wọ́n bá takora, ẹ má tètè wá àlàyé tó dùn-ún gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ìwọ̀n tí wọ́n lò ló yàtọ̀, lẹ́yìn náà bóyá irú àwọn èèyàn kan náà ni, lẹ́yìn náà ìgbà tí wọ́n ṣe é. Bí ìyàtọ̀ bá ṣì wà lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìjábọ̀ bó ṣe rí.

Bó bá jẹ́ pé ìbéèrè ẹyọ kan ni, tí irú ìwádìí méjèèjì lè dáhùn, JBI, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́ni sọ́nà lórí kíkó ẹ̀rí ìwádìí ìlera jọ, gbà wá nímọ̀ràn pé ká sọ nọ́ńbà di gbólóhùn, ká wá kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àkòrí kan náà. Wọn ò dámọ̀ràn kí á sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, ìdí rẹ̀ sì hàn kedere. Bí ènìyàn márùn-ún nínú ogún tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò bá mẹ́nu ba owó, ìyẹn ò túmọ̀ sí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláìsàn. Wọn ò ṣẹ́ kèké yan àwọn ogún yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má bi gbogbo wọn nípa owó.

Ní ti bí àbájáde ṣe dá wa lójú tó, GRADE, ètò tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ẹ̀rí ṣe lágbára tó, ni mo lò fún nọ́ńbà, CERQual tó jọ ọ́ fún ọ̀rọ̀. CERQual máa ń wo nǹkan mẹ́rin: àléébù ọ̀nà ìwádìí, bí àkòrí ṣe bá ẹ̀rí mu, bóyá ẹ̀rí náà tó, àti bóyá ó bá ìbéèrè wa mu. Orí “gíga” ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí ìdí bá wà. Mi ò fún gbólóhùn ìsopọ̀ ní ìpele kan ṣoṣo. Ìpele méjèèjì ni mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ fi ṣètò ìlera lè rí apá tó lágbára àti apá tó mẹ́hẹ.