Bí mo ṣe fi káàdì ìdílé ṣọ́jà gba páàsì ọ̀fẹ́ lọ sí White Sands

Ẹ̀gbọ́n kan tí ọkọ tiwọn náà ń ṣiṣẹ́ ṣọ́jà ní Fort Bliss níbí, ní ìlú El Paso ní Texas, ló là mí lójú. Bàbá àwọn ọmọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lókè òkun, ilé-ìwé ti gba ìsinmi, àwọn ọmọ ò sì gbé ojú kúrò lára fóònù. Ẹ̀gbọ́n wò wọ́n títí, wọ́n ní, "Ìyá Mojí, káàdì tó wà nínú báàgì rẹ yẹn, ṣé ọjà nìkan lo fi ń rà ni?"

Ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀bù bárékè ni mo mọ̀ ọ́n mọ́ lóòótọ́. Àṣé káàdì ìdánimọ̀ kan náà lè gba páàsì ọlọ́dún kan tí èèyàn fi ń wọ àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lọ́fẹ̀ẹ́. Dọ́là 80 ni àwọn ará ìlú ń san fún un. Láti 2012 ni wọ́n ti ń fún àwọn ṣọ́jà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ àti ìdílé wọn. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ọkọ ò ní láti wà níbẹ̀: ìyàwó tó bá ní káàdì tirẹ̀ lọ́wọ́ lè gbà á fúnra rẹ̀.

White Sands, ọ̀kan lára àwọn ọgbà náà, tó kún fún òkè yanrìn funfun ní New Mexico, ni mo mú. Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn MWR, àwọn tó ń bójú tó ìgbafẹ́ ìdílé ológun, láti háyà kùúlà, kánópì àti àga. Owó tí wọ́n gbà ò tó nǹkan rárá, ojú sì fẹ́ máa tì mí bí ẹni tó wá tọrọ. Ẹ̀gbọ́n ní kí n gbójú sókè jàre: èrè ṣọ́ọ̀bù bárékè wà lára owó tí wọ́n fi ń ṣe é, bàtà àti tẹlifíṣọ̀n tí a sì ti rà níbẹ̀ ò kéré. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ yẹ ẹrù wò dáadáa. Ìdè ìdérí kùúlà tèmi ti sán; mo ní kí ọmọkùnrin tó wà lórí tábìlì kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo tẹ ọgbà náà láago. Ẹ má fo èyí o. Àárín pápá tí àwọn ológun ti ń dán mísáìlì wò ni White Sands wà (ìhà àríwá pápá yẹn ni wọ́n ti yin bọ́ǹbù átọ́míìkì àkọ́kọ́ láyé, ní July 1945), wọ́n sì máa ń ti ọ̀nà fún wákàtí bíi mélòó kan tí wọ́n bá fẹ́ yin mísáìlì. Wọ́n ní àwọn máa tì í láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ní lọ́kàn. A sùn dáadáa, ó di ọ̀sán ká tó gbéra.

Lẹ́nu ọ̀nà, mo na káàdì, obìnrin tó wà níbẹ̀ wò ó, ó wo ojú mi, ó fún mi ní páàsì, mo sì kọ orúkọ sí i. Ó tán. Dọ́là 25 tí wọn ì bá gbà lórí ọkọ̀ dúró sápò mi.

Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe POP sí àjà ilé ni yanrìn ibẹ̀, funfun báláú, àbíkẹ́yìn mi sì bèèrè bóyá gàrí ni. Kì í gbóná bíi yanrìn yòókù, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi sáré lójú oòrùn. Wọ́n ń ta àwo ike ńlá tí àwọn ọmọdé ń jókòó lé yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè yanrìn. Ẹ ra ìda mọ́ ọn, torí bí ẹ ò bá fi ìda pa ìdí rẹ̀, ojú kan ló máa dúró sí. Omi ńkọ́? Tí ẹ bá ti kọjá ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò ọgbà náà, kò sí ẹ̀rọ omi kankan mọ́. Gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mo gbé, a sì mu púpọ̀ nínú rẹ̀.

Carlsbad Caverns, ọgbà ìjọba àpapọ̀ mìíràn tó ní ihò ńláńlá lábẹ́ ilẹ̀, ló kàn, nígbà tí ìyá ọkọ mi bá dé láti Abẹ́òkúta. Orí ènìyàn ni wọ́n ń gbowó níbẹ̀, kì í ṣe orí ọkọ̀, ṣùgbọ́n páàsì mi á mú èmi àti àgbà mẹ́ta wọlé, àwọn ọmọdé ò sì ní san. Dọ́là kan péré tí wọ́n ń gbà láti fi mú àkókò ìwọlé sílẹ̀ ni páàsì ò gbé.